Ọkùnrin Inú Àpótí Gaudencio

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ fọ eegun Gaudencio, Eladia, ìyàwó rẹ̀, tún lá àlá rẹ̀. Àlá náà ti mọ́ ọn lára. Ọkọ rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ á tutù, omi á máa kán láti etí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Eladia náà kò ní bi í ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa wo ara wọn, bíi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu nínú wọn ló máa ba nǹkan jẹ́. Nígbà tó jí, ó wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ gbẹ. Gbogbo ìgbà tó bá lá a ló ń wo ibẹ̀, gbogbo ìgbà ló sì ń gbẹ, àmọ́ ta ló lè ní kí ojú má wo ibi tí ọkàn wà.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí Gaudencio Pool ti bá òkun Campeche lọ. Edé ni wọ́n lọ kó. Ìjì ọjọ́ náà kò mọ sórí ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbé mì, àwọn tó yè é kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, omi ti òkú kan sáàárín igi etí òkun. Ibà ti dá Eladia gúnlẹ̀ nígbà náà, oyún oṣù mẹ́ta sì ti bọ́ lára rẹ̀, nítorí náà Remigia, ìyá ọkọ rẹ̀, nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì lọ wo òkú náà. Òun náà ló mú un wálé nínú pósí tí wọ́n ti kàn pa. Wọ́n sin ín. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n hú u bí gbogbo ìlú ṣe ń hú tiwọn, wọ́n kó eegun rẹ̀ sínú àpótí pákó kékeré, wọ́n sì gbé e sínú ihò ara ògiri ní itẹ́ òkú, níbi tí òkú kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá tirẹ̀ bí ẹyẹlé.

Láti ìgbà náà, bí òpin oṣù kẹwàá bá ti ń súnmọ́, kí àwọn òkú tó wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn, ìyá àti ìyàwó á lọ fọ̀ ọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Eladia ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ orúkọ sí aṣọ, Remigia ló ń fọ eegun. Bí ìyá bá ti ṣí àpótí báyìí, ìyàwó á kẹ̀yìn sí i, á di àbẹ́là mú, á máa wo ògiri. Ojú Gaudencio tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò tíì ṣá, kò sì fẹ́ kí ojú mìíràn wá gba ipò rẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyàwó wo ló tún ń tijú ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ ti bọ́ aṣọ tó sì ti bọ́ ẹran ara lé e.

Wọn kò mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni Eladia ń fẹ́ láyé: pé lọ́jọ́ tí ìpè bá dún, tí àwọn òkú bá dìde, kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ Gaudencio lòun ti máa dìde. Ó ti bá ẹni tó ń tọ́jú itẹ́ sọ ọ́ pé inú ihò yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé àpótí tòun sí. Ọkùnrin kan tó ń sin oyin ti wá fẹ́ ẹ, ọkùnrin gidi tí kì í mutí, tó ní ilé olókùúta. Eladia ní rárá. Ó ní tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá mọ́, ta ni kóun wá kọjú sí, ṣé olóyin ni àbí ọkọ òun? Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní òmùgọ̀, àmọ́ ẹni tí òkú ti kú mọ́ lọ́wọ́ rí kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ Remigia ti ń gbọ̀n. Ife tó bá gbé, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń dé ẹnu. Wọ́n jókòó ti àkàmù àgbàdo gbígbóná ní òwúrọ̀ náà, ìyá sì fi ife tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́ lónìí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ẹnì kan bẹ̀."

"Ká bẹ ẹlòmíì kó wá fọ ọkọ ẹ fún ẹ? Ká wá sọ fún un pé kí ló ṣe ẹ́, ọwọ́ dùn ẹ́?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ẹ́. Wọ bàtà ẹ."

Remigia tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ó lanu, ó pa á dé, ó nu ẹnu, ó dìde.

Ọ̀nà itẹ́ kò jìn, àmọ́ ẹsẹ̀ arúgbó sọ ọ́ di jíjìn. Oòrùn ti gun òkè, ó sì mú gbogbo nǹkan rọ̀: ògiri funfun, ajá tó sùn sójú ọ̀nà, èéfín àwọn tó ń dáná sínú kòtò tí wọ́n máa sin oúnjẹ àwọn òkú sí kó lè jiná nínú ilẹ̀. Òórùn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè wà níbi gbogbo. Lójú Eladia, ó dà bíi pé òun kò tíì jí tán, pé bí òun bá yí ẹ̀yìn wò, òun á rí omi tó ń kán tẹ̀lé òun bọ̀.

"Màmá, ọmọ Tomasa ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun táwọn ń lọ, wọn ò ka eegun sí. Ó ní ẹ̀mí nìkan ló ń lọ sọ́run."

"Ọmọ Tomasa tí kò lè fọ ṣòkòtò ara ẹ̀, òun ló fẹ́ kọ́ mi ní eegun fífọ̀?" Remigia dúró kó lè mí. "Nígbà tí Jésù jí, tó wọlé bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, kí ló bi wọ́n?"

"Ó ní ṣé wọ́n ní nǹkan jíjẹ."

"Wọ́n fún un ní ẹja sísun, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Ẹ̀mí wo lo rí tó ń jẹ ẹja? Ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́gi yẹn náà ló fi mú un, àpá ṣì wà níbẹ̀. Ara ló jí, ìyàwó. Ara tí ebi ń pa."

"Ṣé ó jẹ eegun ẹja náà ni?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé. Máa rìn."

Nínú itẹ́, Tomasa ti dé ṣáájú wọn. Ihò ọkọ rẹ̀ ló kàn ti Gaudencio, ọkọ náà sì wà lórí tábìlì kékeré níwájú obìnrin náà, tó ń gbá eruku kúrò lára egungun itan rẹ̀.

"Ìyá Gaudencio, ẹ káàbọ̀. Ẹ wo ọkọ mi bó ṣe rù. Ọ̀lẹ ló jẹ́ láyé, ọ̀lẹ náà ló tún kú jẹ́. Mo ti ń fọ̀ ọ́ láti àárọ̀, kò gbé ẹsẹ̀ kan sókè fún mi."

"Bó bá gbé e sókè, ṣé wàá dúró?" ni Remigia sọ.

"Màá kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ sí. Lẹ́yìn náà ni màá wá sá."

Eladia rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fún un lágbára díẹ̀. Ó gbé àpótí jáde, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó kúnlẹ̀. Remigia jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún kí wọ́n má bàa gbọ̀n. Nígbà tí Eladia ṣí ìdérí, ó di ojú mọ́ àmọ́ kò kẹ̀yìn síbẹ̀. Ìyàtọ̀ ọdún yìí nìyẹn.

Àwọn kéékèèké ni Remigia ní kó kọ́kọ́ mú. Ó mú eegun ìka kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún, ó gbé e kalẹ̀. Ó mú òmíràn. Kò rí bó ṣe rò. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n gbẹ, wọ́n mọ́, kò sì sí ohun tó ń dẹ́rù bani lára wọn. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Oòrùn wọlé láti òkè ògiri, eruku eegun sì ń fò nínú rẹ̀, ó ń tàn. Ó ń ronú pé àwọn ìka yìí ló máa ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn òun lálẹ́. Ó fi ìka ara rẹ̀ wé wọn. Ó di ọ̀kan mú sínú àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ojú tì í. Ó ti fi ọdún mẹ́jọ wo ògiri lásán.

"Ó ku orí," ni Remigia sọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Eladia fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbárí náà sókè. Ó fi aṣọ nu iwájú orí, ó nu ihò ojú, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tó dé ẹnu ló dúró.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Gaudencio fi eyín ṣí ìgò ọtí kó lè fi yangàn níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Eyín iwájú méjì lókè bá ìdérí ìgò lọ. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ló pa dé bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi gbé pọ̀, Eladia mọ àlàfo yẹn bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni súfèé rẹ̀ ń gbà jáde. Àmọ́ ẹnu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, eyín òkè tò síbẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, kò sí ibi tí ọ̀kan ti yẹ̀.

"Màmá, eyín ẹ̀ pé."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, búrọ́ọ̀ṣì Tomasa dákẹ́.

"Màmá. Eyín ẹ̀ pé."

"Mo mọ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Remigia kò tíì pé ogún.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí létíkun, èmi fúnra mi ni mo ṣí ẹnu ẹ̀ wò."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Eladia lọ́kàn kì í ṣe ìbínú. Ayọ̀ ni, ayọ̀ tó dé lójijì tó sì gbé e kúrò nílẹ̀. Gaudencio kò sí níbí. Ẹni tí kò bá sí nínú àpótí, ibòmíì ló wà. Ó rí i ní ìlú kan tí kò mọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń súfèé.

"A jẹ́ pé ó wà láàyè," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò sí láàyè, ọmọ mi." Remigia rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Amancio tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, tó yè é, wá bá mi lẹ́yìn oṣù méjì. Àwọ̀n ló wé Gaudencio lẹ́sẹ̀. Ó rí i bó ṣe rì, ó rí i títí kò fi rí i mọ́. Ó sunkún títí, èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Bẹ́ẹ̀ ni Gaudencio ṣe kú lẹ́ẹ̀kejì lórí ìkúnlẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ìgbà yìí ni ìbínú wá dé. Eladia kò pariwo. Ó kó gbogbo eegun náà padà sínú àpótí, kò sì tò wọ́n. Ó gbé orí lé wọn, ó gbé àpótí lé ìbàdí, ó dìde, ó sì kọjú sí ilé eegun tó wà ní ìkángun itẹ́, níbi tí wọ́n ń da eegun àwọn tí kò lẹ́nìkan sí. Tomasa wo ọkọ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, ó ń gbá ojú ibì kan náà.

Ilé eegun kò ní ilẹ̀kùn. Eladia dúró lẹ́nu rẹ̀. Nínú ibẹ̀, eegun wà lórí eegun títí dé àjà, apá ẹnì kan lórí itan ẹlòmíràn, alángbá kan sì ń yá oòrùn lórí wọn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró dè é láì mọ̀ pé òun ń dúró.

"Mo rí i pé kì í ṣe ọmọ mi," ni Remigia sọ nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀. "Mo yíjú padà, mo ń lọ sílé. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀ ní tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wá, àwọn á kọ nọ́ńbà sí i lórí, àwọn á sin ín. Nọ́ńbà, Eladia. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọ̀ ọ́. Mo ní ìyá kan wà níbì kan báyìí tí kò mọ ibi tí ọmọ ẹ̀ wà, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo padà. Mo ní ọmọ mi ni."

"Ẹ parọ́ fún mi."

"Mo parọ́ fún ẹ. Oyún ti bọ́ lára ẹ, ọkọ ẹ ti lọ, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wọlé bá ẹ lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù láti sọ."

"Kí ni mò ń retí látọjọ́ yìí? Mo ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni màá ti dìde. Ọkọ mi wà nínú òkun, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó tẹ́ nǹkan kan fún un. Báwo ni yóò ṣe dìde?" Omijé ti dé ojú Eladia, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn.

"Wọ́n ti kọ ọ́ pé òkun máa dá àwọn òkú tó wà nínú ẹ̀ padà. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́." Remigia fara ti ògiri. "Ibojì tí wọ́n tẹ́ Jésù sí, ṣé tiẹ̀ ni?"

Eladia fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ti ọkùnrin olówó kan ni. Wọ́n kàn fi ṣe é lóore ni. Ìyá ẹ̀ ò ní ihò kankan lára ògiri kankan. Ẹlòmíì ló ra aṣọ òkú, ẹlòmíì ló gbé e, ẹlòmíì ló ní òkúta tí wọ́n yí dí i. Ibẹ̀ náà ló ti jí. Ìwọ rò pé eegun tá a bá fọ̀ ló ń jí? Bàbá ẹ̀ ló pè é, ó sì dìde. Ohun tá a dì mú nìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa. Ẹni tó pe ìyẹn ló máa pe Gaudencio, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ẹja ló wà."

"Kí wá ni a ń fọ eegun sí, Màmá?"

"Kí ẹni tó sùn lè mọ̀ pé wọ́n ń retí òun."

Alángbá náà wọlé lọ sáàárín eegun.

"Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tèmi tí mò ń bẹ ọkùnrin yìí," ni Remigia sọ. "Ọdọọdún tí mo bá gbé orí ẹ̀ dání, tí o kẹ̀yìn sí wa, mo máa ń sọ sí i létí. Mo ní tó bá dìde, kó tó lọ wá ìyá ẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó wo ọ̀nà òkun fún mi. Tó bá rí ọkùnrin kan tí kò ní eyín méjì níwájú, kó júwe ilé wa fún un."

Eladia kò mọ èwo nínú ìbínú àti àánú ló yẹ kóun gbé sílẹ̀, nítorí náà ó di méjèèjì mú. Ó bojú wo inú àpótí. Ọkùnrin yìí ti lo ọdún mọ́kànlá nínú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ní ìyàwó, bóyá ó máa ń kọrin, ibi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè é lọ́dọọdún tí kò wá. Ó sì ti jẹ́ kí Eladia di ìka rẹ̀ mú lówùúrọ̀ yìí. Eladia yí ẹ̀yìn sí ilé eegun, ó gbé àpótí padà, Remigia sì di apá rẹ̀ mú.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde. Tomasa ti igbá omi tirẹ̀ sí i lọ́wọ́ láì sọ̀rọ̀, irú ohun tí wọn kò rí i kó ṣe rí. Aṣọ tuntun tó wà níbẹ̀, orúkọ Gaudencio ló wà lórí rẹ̀. Eladia tẹ́ ẹ náà, torí pé òkú kò gbọdọ̀ sùn sórí pákó lásán nítorí pé orúkọ kò bá a mu. Ó to àwọn kéékèèké sílẹ̀, ó to egungun ìhà, ó to àwọn gígùn lé wọn, kò kánjú. Ọ̀sán ti rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ti di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, ohùn àwọn tó ń fọ òkú wọn ní apá ibòmíì sì ń dún bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun.

Agbárí ló kù. Ó gbé e lé ibi tó yẹ, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí etí máa ń wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò kí yín látọjọ́ yìí," ló sọ. "Eladia lorúkọ mi. Inú ihò yìí ni wọ́n máa gbé èmi náà sí, nítorí náà èmi lẹ máa kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè wá. Ẹ ò ní mọ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ẹ dúró dè mí, a jọ máa wá àwọn ènìyàn wa lọ."